Òkè Tó O Ní Mi Ò Lè Gùn

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé àlàáfíà lẹ wà. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń pariwo bí mo bá fẹ́ dìde. Má tíì kígbe, ka lẹ́tà náà tán.

Lọ́jọ́ tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, o ní, “Màámi, ẹ ò lè dá gbé mọ́, ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá lè gun òkè ẹ̀yìn ìlú yẹn dé orí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.” O fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo rán ṣòkòtò tuntun fún ìrìn náà. Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ, kò sí oníbàárà tí mi ò kì í bi pé, “Kí lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣe?” Mi ò bi ara mi. Orí ìdúró ni mo ti wọn ara mi, mo sì jẹ́ kó fún lórúnkún, nítorí oge.

Láàárọ̀ Sátidé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo dé ibi àpáta gíga kan, mo gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Mo tún un gbé, kò gòkè. Mo ní ó parí, ọmọ mi ti borí mi. Mo jókòó, mo sunkún. Mo fọwọ́ kan orúnkún, aṣọ ti há mọ́ ọn. Àṣé orúnkún kọ́ ló kọ̀, ṣòkòtò ni!

Inú bí mi. Mo yọ sísọ́ọ̀sì nínú báàgì, mo la ṣòkòtò ọ̀hún láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, lójú gbogbo ayé. Géńdé kan ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fà yín sókè.” Mo ní, “O ṣeun, ọkọ mi, ṣùgbọ́n bó o bá fà mí, wọn ò ní kà á fún mi.”

Mo dé orí òkè kí aago méjìlá tó lù. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, ìwọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń mú mi lọ síbi gbogbo. Èyí nìkan ni mo dá lọ. Ayọ̀ mi pọ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe ọ́, ṣùgbọ́n mi ò bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ. Bó bá rẹ̀ mí lóòótọ́, màá fẹnu ara mi pè ọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó o bá nílò rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, wọn ò sì ní kánjú sọ ọ́ di arúgbó.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ lọ́mọ.

Àfikún: Ọkùnrin tó o ní kó wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sọ́dọ̀ rẹ dé lánàá. Mo fún un lómi tútù, mo wọn àyà rẹ̀ àti apá rẹ̀. Ọjọ́rú ni yóò wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.