Màmá, Ẹ̀yin Lẹ Rán Jẹ́sì Mi Àkọ́kọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Maiduguri níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Àǹtí Bùsọ́lá tó ń bá yín jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín ní Iléṣà. Ṣé ara le? Orúnkún tó lé mi kúrò lórí pápá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ṣì máa ń dùn mí bí ọyẹ́ bá dé.

Ooru ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń ṣe mí bíi kí n sunkún, nígbà tí àwa Yorùbá díẹ̀ bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Wulari tí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Mo ti kó ṣọ́ọ̀bù mi kúrò ní Lamisula lọ sí àdúgbò Post Office, maṣíìnì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ti Damaturu àti Yola wá rán jẹ́sì. Síbẹ̀, ojú ń tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí rédíò kan kí n wá sọ bí agbábọ́ọ̀lù ṣe di oníṣòwò. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní ọ̀gá aránṣọ ńlá kan ní Èkó ni. Irọ́ funfun báláú! Nígbà tí mo délé, Tọ́lá ọmọ mi, tí Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, bi mí pé ṣebí Kaka ni mo máa ń sọ pé ó kọ́ mi. Kaka ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí.

Ó ti di ẹ̀ẹ̀kejì tí mo sẹ́ yín. Ẹ mọ àkọ́kọ́, bí a ò tilẹ̀ sọ ọ́ rí. Mo wà ní girama. Ẹ fi aṣọ tó ṣẹ́kù lára ti oníbàárà rán jẹ́sì fún mi, àwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì fi ègé aṣọ kan sí abẹ́ apá rẹ̀. Ẹ gbé e wá sí pápá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bi mí pé ta ni yín, mo ní aránṣọ àdúgbò wa ni. Ẹ gbọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń kí oníbàárà, ẹ ní ẹ ṣé, sà. Ìyá tó bí mi pè mí ní sà, kí àṣírí mi má baà tú.

Màmá, ègé aṣọ abẹ́ apá yẹn ni mo ń jẹ lónìí. Nígbà tí orúnkún mi bàjẹ́ tí ẹgbẹ́ tó gbé mi wá síbí ní kí n máa lọ, mo yá maṣíìnì Málàm Modu, tẹ́là tí a jọ ń gbélé, mo sì rán jẹ́sì bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ yín. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní tèmi nìkan ni kì í fà sókè bí àwọn bá fò.

Mo padà sí rédíò náà lánàá pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Wọ́n ní kò sí àyè. Ìdí nìyí tí mo fi gbé lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Mi ò ní kí ẹ sọ pé kò sí nǹkan, torí mo mọ̀ pé ẹ ó sọ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí Àǹtí ka lẹ́tà yìí sókè ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí èrò bá kún ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló kọ ọ́, ẹ lè ní oníbàárà yín kan ni. Ó tọ́ sí mi.

Ọmọ yín,
Adéwálé