Ìyálé Màmá Mi Ni Wọ́n Ń Pè Ní Àjẹ́ Torí Bàálù Tó Já

Admin, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Mo mọ ohun tó pa àbúrò mi, ẹlòmíì sì ni wọ́n ń dì í rù.

Àbúrò mi ń wa bàálù kékeré ní Kàdúná. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá ni bàbá wa kú nílé wa ní Ìlá. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ náà la gbọ́dọ̀ sin wọ́n, àwọn àfáà sì ní àwọn ò lè dúró kọjá ìrun Alásàrì… Àbúrò mi pè mí, ó ní ọ̀gá òun ti gbà kí òun gbé bàálù wá sí Ìlọrin, àmọ́ eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ojú ọ̀run, ojú lásán lòun sì fi ń wo ilẹ̀ wà á. Ó ní kí n bá òun bẹ mọ̀lẹ́bí, kí wọ́n sin bàbá láìsí òun. Màmá mi já fóònù gbà. Wọ́n ní tí kò bá wá da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè bàbá ẹ̀, kó má pe àwọn ní ìyá mọ́. Ó ní òun ń bọ̀… Òkè kan ni bàálù yẹn lọ forí sọ. Àwọn tó ṣèwádìí ní ẹ́ńjìnnì ò ní nǹkankan, kò kàn rí òkè náà ni.

Màmá mi ò mẹ́nu ba ìpè yẹn mọ́ láéláé. Àwọn àti Ìyá Àgbà, ìyálé wọn, ti ṣe gbólóhùn asọ̀ kí bàbá tó kú, làwọn èèyàn bá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí… Ìyá Àgbà tó pọn àbúrò mi dàgbà! Wọ́n ti lé wọn lọ sílé bàbá wọn l'Ọ̀rà. Jímọ̀ yìí, mọ̀lẹ́bí fẹ́ kó gbogbo ẹrù wọn jáde. Bí eruku bá ti sọ báyìí, ohùn àbúrò mi ni mò ń gbọ́, ó ń bẹ̀ mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Màmá mi sì ní BP, tí mo bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé mi ò ní fẹnu ara mi pa wọ́n?

Lánàá mo gun ọ̀kadà lọ Ọ̀rà, mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Wọ́n ní àwọn wà lẹ́yìn kọ́tìnì lọ́jọ́ tí màmá mi já fóònù gbà, gbogbo ẹ̀ làwọn gbọ́. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ìyá tó bá mọ̀ pé òun lòun pe ọmọ òun síkú ò ní lè gbé ayé mọ́, àmọ́ orúkọ àjẹ́ ò lè pa àwọn. Wọ́n tún béèrè bóyá màmá mi ń lo oògùn BP wọn… Mo sunkún títí mo fi délé.

Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n jẹ́ kí ẹni tí kò ṣẹ̀ gbé orúkọ àjẹ́ lọ sí sàréè? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Jímọ̀ ti dé tán. Àmọ́ ẹ má bú màmá mi o, ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ rí.