Odò Tó Jẹ Ìlú Bàbá Jannah

Tiwaladé Àkànbí, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú wàhálà ọkọ̀ akẹ́rù tí o ń wa ní Dagenham Dock nílùú òyìnbó, Ọlọ́run Mósè kò ní jẹ́ kí táyà rẹ yọ̀. Tí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe wà, a wà. Orúnkún nìkan ló ń bá mi fa wàhálà, òkun sì gbé apá kan ilé ìdáná mi lọ lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ a dúpẹ́ pé mo ti kó ìkòkò jáde.

Ìròyìn tí o fi ránṣẹ́ pé o ti rí ìyàwó, pé Jannah ni orúkọ rẹ̀, pé ó ń tajà ní ilé ìtajà Vicarage Field, pé ọmọ Bẹ̀ngálì ni bàbá rẹ̀ láti ìlú kan létí òkun tó ń jẹ́ Noakhali, gbogbo rẹ̀ la gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bàbá Adéwọlé, tó di olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti sùn, ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó ní a kì í fẹ́yàwó láìwádìí ilé àna, ta ló sì fẹ́ wa ọkọ̀ ojú omi dé Noakhali? O mọ̀ pé òun alára kò kọjá Ìgbókòdà rí. Ti ẹ̀sìn Mùsùlùmí wọn kò tilẹ̀ dà á láàmú, torí Àlhájì ni ọkọ àbúrò ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́, òun ló sì ra agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Olùkọ́ Ọláfimíhàn lọ, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní jọ́gíráfì, mo ní kó fi ìlú náà hàn mí nínú fóònù tí o rà fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, kí n tó mọ̀, gbogbo ojú fóònù ti di omi: omi lọ́tùn-ún, omi lósì, ilẹ̀ fíntínfíntín láàárín. Mo figbe ta, mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rì í mọ́ inú ìrẹsì fún ọjọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ mi pé kí n máa ṣe tí omi bá wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí o fi pè mí tí mi ò gbé e. Nígbà tí mo yọ ọ́, omi náà ṣì wà níbẹ̀. Olùkọ́ ní bí ìlú wọn ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ó wá ka ìtàn rẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ó ní láyé àtijọ́ omi ń ba oko wọn jẹ́, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ odò tuntun kí omi lè rí ibi gbà, ohun tí Noakhali túmọ̀ sí nìyẹn. Ó ní odò ńlá kan, Meghna, jẹ olú ìlú wọn bí ẹni jẹ àkàrà, títí wọ́n fi di ẹrù ìjọba lórí lọ sí Maijdee. Ó ní lọ́dún 1970, ìjì gbé òkun wọ etíkun wọn, àwọn tó kú kò ṣe é kà. Àmọ́ ilẹ̀ tí odò bá jẹ níhìn-ín, á tún pọ̀ ọ́ sọ́hùn-ún, wọn á sì sáré gbin igi tó ń gbé inú omi iyọ̀ sórí rẹ̀ kó má bàa sá lọ. Tiwa ńkọ́? Àwọn ìjọba ti wá ya fọ́tò òkun wa lẹ́ẹ̀mẹfà, òkun ò sì sá fún fọ́tò.

Èmi ń sunkún, Bàbá Adéwọlé ń bínú. Ó ní ṣé a ti rí i, ìlú tí odò ń lé kiri, omi á tẹ̀lé ọmọ náà wọlé wá bá wa. Mo fẹ́ bi í pé omi tó gbé ilé ìdáná mi, ta ló tẹ̀lé wọlé, àmọ́ àgbà ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí o wà lẹ́nu iṣẹ́, Jannah pè wá láti ilé wọn ní Rippleside, mo sì rí bàbá rẹ̀ nínú fóònù, arúgbó onífìlà funfun. Mo ní kí wọ́n gbé àga fún un, Olùkọ́ ní kò pọn dandan. Jannah ń fi òyìnbó sọ ọ́ fún Olùkọ́, Olùkọ́ ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún wa, ọ̀rọ̀ kan á gba ẹnu mẹ́ta kó tó délé. Bàbá Adéwọlé fajú ro, ó ní kí wọ́n bi ọkùnrin náà pé irú ìlú wo ni odò ń jẹ. Bàbá Jannah ní ariwo kí ni òun ń gbọ́ lẹ́yìn wa? Mo yí fóònù sí òkun, kó rí i bó ṣe ń gbá ògiri tó kù. Arúgbó náà sún mọ́ ojú fóònù. Ó ní ẹ̀ẹ̀melòó la ti kó kúrò nílé? Mo na ìka mẹ́ta. Òun na mẹ́rin, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Jannah kò túmọ̀ nǹkan kan mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó túmọ̀ ọ́. Bàbá Adéwọlé dìde, ó ṣí fìlà, ó ní ẹ bá òun kí àna wa kú àfaradà. Àna wa ló pè é, Tiwaladé! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún ò jẹ́.

Fọ́ọ̀mù físà tí o fi ránṣẹ́ kí n lè wá síbi ìgbéyàwó, mo ti kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ilé tí mo ti gbé láti ọdún mẹ́wàá. Mo kọ ilé kìíní: inú òkun. Ilé kejì: inú òkun náà, àmọ́ kò jìn tó ti àkọ́kọ́. Olùkọ́ ní wọ́n á rò pé ẹja ló fẹ́ wá, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò lè purọ́ fún ọba wọn. Wọ́n tún béèrè bóyá mo máa padà sílé mi. Mo kọ ọ́ pé tí ilé bá dúró dè mí.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra pákó ilé ìdáná. Má gba báńkì, ọmọ báńkì ní kí n mú ìwé owó iná wá kí òun fi mọ ibi tí mò ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí a ti ríná kẹ́yìn. Tóyìn ìjọ yín ń bọ̀ wálé, fi rán an.

Ilẹ̀ tí ìwọ àti Jannah bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ ó bí, ẹ ó tọ́, ẹ ó sì dàgbà lójú kan. Tí ẹ bá wálé tí ẹ kò bá ilé níbi tí o mọ̀ ọ́n sí, ẹ má ké. Ẹ kẹ̀yìn sí òkun, kí ẹ máa rìn bọ̀. A ò ní jìnnà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbíyẹmí.