Ojú Yín Hàn Kedere ní Fìdítì

Agbolé Àkànjí,
Fìdítì.
Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Tahirah,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú làálàá Ìbàdàn. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le bí ara tiwa níbí ṣe le, àti pé ohùn yín tí ẹ fi ń jẹun kò ní há láéláé.

Ohun tí Màrdíyyàh àbúrò wa sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. Èmi kọ́ ni mo ba tẹlifíṣọ̀n ilé jẹ́, a sì rí yín nígbà tí ẹ ka ìròyìn. Màmá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ rò pé wọ́n kàn ń tù yín nínú ni. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ mọ̀ pé èmi kì í tu èèyàn nínú.

Àgbò ló fà á. Ẹ rántí pé ìdí ọ̀pá ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n la máa ń so àgbò Iléyá mọ́ nílé wa, kí àwọn tó ń kọjá lọ lè rí i. Ti ọdún yìí lágbára jù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa ka ìròyìn, ó fi ìwo kọ́ wáyà, ó sì fà á gba ojú fèrèsé. Kọnẹ́tọ̀, irin kékeré tí wọ́n fi ń dè é mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kù sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, wáyà sì ti dé àgbàlá. Ọ̀bẹ tí mo ń pọ́n de àgbò ni Màrdíyyàh bá lọ́wọ́ mi, ó rí i pé tẹlifíṣọ̀n ò ṣiṣẹ́, ló bá parí ọ̀rọ̀ sí mi lórí.

Ẹ mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́ fún Màmá. Nígbà tí ẹ ní iṣẹ́ ìròyìn lẹ fẹ́ ṣe, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, sọ lójú gbogbo agbolé pé iṣẹ́ ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ni. Màmá nìkan ló ní kí ẹ máa lọ, àwọn ará agbolé ò sì yé fi yín bú Màmá láti ìgbà náà. Màmá wá pe gbogbo agbolé pé kí wọ́n wá wò yín ní pálọ̀ wa. Bí a ò bá rí yín, wọn á ní irọ́ ni Màmá ń pa.

A pe ọ̀gá tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó ti lọ ṣọdún ní Ìwó. Bàbá Àgbà ní ká lọ wo ìròyìn náà nílé tíṣà tó wà lókè ọjà. Ṣé orúnkún Màmá lè dé òkè ọjà? Mo ní èmi á ṣe é.

“Habeebullah, níbo lo ti kọ́ṣẹ́ wáyà?”

“Mi ò kọ́ ọ, Bàbá. Mo wo ẹni tó ṣe é níjọ́sí ni.”

“Ojú lásán?”

Mo gé ẹnu wáyà tó ti ya. Mo bó awọ dúdú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn irun wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí àwọ̀n wà, lẹ́yìn náà ni ike funfun, bàbà kan ṣoṣo sì wà láàárín. Mo ki kọnẹ́tọ̀ bọ̀ ọ́, mo yí i títí ó fi le. A tan tẹlifíṣọ̀n, ó ń ho ṣùùù.

“Òjò ló ń ka ìròyìn,” ni Bàbá Àgbà wí. Pálọ̀ rẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Tú u, kí o tún un ṣe.”

Mo tú u, mo rí àṣìṣe mi. Irun wáyà kan ti tẹ̀ síwájú, ó fara kan bàbà àárín. Àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ kanra rárá. Mo gé e, mo ká gbogbo irun tó kù sẹ́yìn sórí awọ dúdú, mo sì fi ọwọ́ pa á mọ́lẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Màmá nìkan ni. Ìyìnolúwa, ọmọ àwọn Onítẹ̀bọmi tí ilé wọn dojú kọ tiwa, wá tan iná fóònù fún mi. Màrdíyyàh fúnra rẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì wá. Nígbà tí ìyàwó Bàbá Àgbà kúnlẹ̀ di wáyà mú, tó ní kí ọkọ òun sún kúrò lójú ìmọ́lẹ̀, mi ò kà wọ́n mọ́.

Mo yí kọnẹ́tọ̀ náà padà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yọ sí wa. Ojú yín hàn kedere, títí kan àpá tó wà létí ìpéǹpéjú yín. Ẹ ní, “Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa.” Màmá dá yín lóhùn, “Káalẹ́, ọmọ mi,” bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà lẹ dúró sí. Ariwo bẹ́, kálukú ń sọ tirẹ̀. Bàbá Àgbà dìde dúró, wọ́n gbá ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀.

“Ẹ panu mọ́. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀.”

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ máa tẹ̀síwájú, kí ó fi àlùbáríkà sí ohùn yín, kí ojú má tì yín níbi tí ayé ti ń wò yín. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbọ́ràn,
Habeebullah.

Àfikún: Màmá ní ẹ ti rù. Mo ní bóyá bí ẹ̀rọ ṣe ń yàwòrán èèyàn ni, wọn ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun dáadáa kí wọ́n lè jẹ́ kí n sinmi.