Ẹgbẹ́ Omi Ìlọ́wọ́wọ́ Erio

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta, 2025

Elijah ti dé láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Kò gbé mọ́tò wálé. Àpò ìbọ̀wọ́ ló gbé wá, ìbọ̀wọ́ ńláńlá bí ewé kókò, pẹ̀lú kùmọ̀ mẹ́fà. Ó fẹ́ dá ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Erio. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni réfírì. Ẹ kì í ṣojúsàájú." Inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ta ló tún pè mí sí nǹkan?

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Ìdánrawò àkọ́kọ́, lórí ilẹ̀ ìdílé Fáṣínà. Fáṣínà fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọgbó. Elijah pariwo: "Sáré! Sáré wá ulé!" Fáṣínà sáré — ó kọjá lára wa, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. A dúró, dúró. Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, ó ti fọwọ́, iyán ti wà níwájú rẹ̀. Ó ní ṣebí ilé ni wọ́n ní kí òun sá wá. Òkúta tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni Elijah ń pè ní ilé.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

Kò sẹ́ni tó lè ju bọ́ọ̀lù dáadáa. Miriam ìyàwó mi wá pè mí jẹun. (Olókò ni mò ń pè é níbí: ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi òkò lé ẹyẹ lóko ìrẹsì, kì í tàsé.) Ó mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó jù ú. Ìbọ̀wọ́ fò kúrò lọ́wọ́ Elijah. Elijah kúnlẹ̀. Olókò ní, "Kí ni mo bà jẹ́?"

Ajé, 17 oṣù kẹta

Ẹgbẹ́ Omi Gbígbóná la sọ ara wa. Àwọn ará Ìkògòsì ránṣẹ́: àwọn ló lomi gbígbóná. Ó dáa. Omi Ìlọ́wọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Pásítọ̀ kò fẹ́ orúkọ náà: ó ní nínú Ìfihàn, Olúwa a máa pọ ohun tó bá lọ́wọ́wọ́ jáde lẹ́nu.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta

Ìpótì dé. Elijah ti lọ kọ́ wọn fún ọjọ́ méjì. Bàbá Ọládipọ̀, ọdẹ, ni olórí wọn. Wọ́n mú gólì wá. Mo ní eré yìí kò ní gólì. Gólì kọ̀, ó dúró síbẹ̀ títí eré fi parí.

Wọ́n ní mẹ́fà, a ní márùn-ún. Ó ku ẹnì kan péré tí yóò gbá fún wa. Olókò gbá bọ́ọ̀lù, ó ká ìró sórúnkún, ó sá yí pápá ká. Bí ó bá délé, ọ̀mì ni; bí bọ́ọ̀lù bá kàn án lọ́nà, ó jáde, a pàdánù. Ará Ìpótì kan fi bọ́ọ̀lù kàn án lẹ́yìn — ẹsẹ̀ rẹ̀ ku ìka kan kó kan òkúta ilé. Mo rí i. Gbogbo Erio ń kígbe pé ó ti délé! Mo gbọ́wọ́ sókè.

"Ó ti jáde."

Olókò wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

Àìkú, 30 oṣù kẹta

Kò sẹ́ni tó bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olókò lọ jókòó láàárín àwọn akọrin. Kì í ṣe akọrin.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Òjò rọ̀. Ìdílé Fáṣínà ti gbin àgbàdo sórí pápá. Elijah ní ẹgbẹ́ ti tú ká. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló lò láyé. Ó sunkún sínú ìbọ̀wọ́. Olókò: "Oúnjẹ rè é." Ìyẹn nìkan, láti Sátidé.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Àwọn àgbà Ìpótì wọlé láàárọ̀. Uṣu mẹ́rin, ìgò oyin kan. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bàbá Ọládipọ̀ ní àwọn rí òdòdó kan lọ́gbà mi, àwọn fẹ́ já a. Mo ní ìyàwó mi ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ní àwọn mọ̀, apá rẹ̀ nìkan làwọn wá tọrọ, àwọn fẹ́ bá Àrámọ̀kọ́ gbá.

Kí n tó la ẹnu, Olókò ti jáde, ìbọ̀wọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún èmi bàbá ọmọ rẹ̀: "Bọ́ọ̀lù kàn mí, Bàbá Glory. Èmi náà mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wá ẹ̀ṣẹ̀ yín, n kò rí i." Ó kọjú sí wọn. "Mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni réfírì."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bọ́ síta lọ gbìmọ̀. Ó pẹ́. Olókò jókòó tì mí, ó gbé ìbọ̀wọ́ lé mi nítan.

Wọ́n wọlé padà. Wọ́n gbà. Wọ́n mú uṣu méjì padà nínú mẹ́rin.