Apá Ọ̀tún Tí Kò Fì

Ọ̀rẹ́ mi Ẹsẹ̀-Kò-Balẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ. Mo lérò pé ara le, pé orúnkún kò dún, pé oorun sì ń kún ojú. Èmi náà wà, mo ṣì ń sáré láràárọ̀, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti borí rẹ nínú eré ìje àwọn àgbà.

Láti ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń sáré tẹ̀lé ọ. Ìwọ lo sọ mí ní Ìgbín, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ náà, bí a ṣe yí kọ́nà tó kẹ́yìn, mo ṣàdédé rí i pé iwájú mi ṣófo. Mo ti kọjá rẹ! Nígbà tí a parí, o dì mọ́ mi, o ní, "Ìgbín náà gun igi lónìí! Ẹ bá mi pè é kó sọ̀ kalẹ̀ o!" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo fura.

Àánú ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo ti sọ fún aya rẹ pé bí mo bá tún gbẹ̀yìn sí ọ lọ́tẹ̀ yìí, n ó fi eré sílẹ̀. Mo ní ó ti ta ọ́ lólobó nìyẹn, o sì mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn. Inú bí mi. Àgbà bíi tèmi, kí wọ́n máa fi ife ẹ̀yẹ tù mí nínú bí ọmọdé tó ń sunkún?

Ọmọbìnrin mi ti fi fóònù ya fídíò eré náà. Mo jókòó tì í kí n lè mú ọ bí olè. N kò rí ibi tí o ti dẹsẹ̀. Ńṣe lo fún eyín pọ̀, tí ò ń làkàkà. Apá rẹ ni mo rí. Tòsì ń fì síwá sẹ́yìn; tọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ bí apá ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Iṣẹ́ dókítà ọpọlọ àti iṣan ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́ mi. Apá àti ẹsẹ̀ dà bí ẹni méjì tó ń fa ayùn: bí ọ̀kan ṣe ń fà á ni èkejì ń dá a padà. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún wọn, láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí apá kan bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé èjìká ló ń dùn ún. Ó sì lè jẹ́ pé àṣẹ náà ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ wọlé ni, kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo wá rántí pé aya rẹ ló so okùn bàtà rẹ lọ́jọ́ náà. O ní ìbàdí ló ń dùn ọ́. Ṣé ìbàdí ni lóòótọ́, àbí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni kò gbọ́ràn mọ́?

Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Àyẹ̀wò ni yóò sọ. Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù: o rò pé a ó gba bàtà lọ́wọ́ rẹ. Rárá o. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ohun tí mò ń rò, eré sísá wà lára ìtọ́jú rẹ̀.

Aya rẹ mọ ojú rẹ. Èmi ni mo mọ ẹ̀yìn rẹ. Ife náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àánú lo fi fún mi, wá gbé e. Bó bá jẹ́ apá ni, ṣáà wá.

Kí Ọlọ́run sọ ìfura mi di asán, kí ó sì jẹ́ kí o tún fi mí sẹ́yìn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ti ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ láti kékeré,
Ìgbín

Àfikún: Má lọ dúró níwájú dígí kí o máa kọ́ bí a ṣe ń ju apá kí o tó wá o. Mo mọ̀ ọ́. Ìgbà tí o bá ń padà lọ, tí o rò pé àyẹ̀wò ti parí, ni n ó máa wo apá rẹ láti ojú fèrèsé.