Dókítà Tí Kò Ní Abẹ́rẹ́

Abúlé Ìdí-Ọdán,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Gàníyátù Àṣàbí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú làálàá ìlú Àbújá tí oòrùn rẹ̀ kì í báni ṣeré. Ara ńkọ́? Ọkàn ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ara nìkan ni mo máa ń bèèrè, ṣùgbọ́n ojú mi ti là, mo ti mọ̀ pé ọkàn náà fẹ́ kí a máa bèèrè òun. Ọlọ́run tí ó mú mi lọ tí ó mú mi bọ̀, tí kò jẹ́ kí táyà bẹ́ lójú ọ̀nà, yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Àmín.

Má bi mí pé ta ni ó bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi fúnra mi ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè pe Tíṣà Adéyẹmọ kí ó wá bá mi kọ, nítorí ènìyàn dáadáa ni tíṣà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ní kékeré ni mo fi ń tiraka, ọjọ́ mẹ́rin sì ni ó gbà mí. Wálé, awakọ̀ tí ó ń kó iṣu wá sí Àbújá, ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Ó ní kí òun kúkú yà á ní fọ́tò kí òun fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ kíákíá, mo ní rárá. Wọ́n ní inú afẹ́fẹ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kọjá, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé wa máa fò lórí Lọ́kọ́jà lójú gbogbo ayé.

Dáadáa ni a wà. Òjò ti ń fà sẹ́yìn. Ewúrẹ́ funfun ti bí mẹ́ta, ìyá rẹ sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Lokogoma, orúkọ àdúgbò rẹ ní Àbújá, nítorí pé ẹnu géètì ni ó máa ń dúró sí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ọ̀dọ̀ rẹ ni àwọn ènìyàn ti ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti gbọ́ ìròyìn. Mo sọ fún wọn nípa irin ẹnu géètì yín tí ó ń gbé apá rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀ bí ẹni ń kí ọba. Mo sọ fún wọn pé àwọn ilé inú ẹ́sítéètì yín jọ ara wọn bí ìbejì, débi pé mo kírun àsùbáà tán, mo padà wọ ilé onílé, mo bọ́ bàtà, mo jókòó sórí àga, mo sì pè ọ́ pé kí o bu omi wá fún mi. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tony ni ó jáde wá. Kò pariwo. Ó po tíì fún mi, ó jókòó tì mí, ó jẹ́ kí n mu ún tán kí ó tó rọra bi mí pé, Baba, ilé ta ni ẹ ń wá. Mo ti sọ fún wọn níhìn-ín pé ẹni tí ó bá ní àwọn ará Àbújá kò lójú àánú, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ilé tìrẹ gan-an, n kò tíì sọ ọ́ fún wọn.

Mo kọ́kọ́ rí aago ọwọ́ rẹ. Mo rò pé aago lásán ni, àfi ìgbà tí ó gbọ̀n tí ìwọ sì dìde fùú. Mo ní kí ló dé, o ní aago ni ó ní kí o dìde, pé o ti jókòó pẹ́ jù. Mo wò ó títí. Ọmọ tí mo máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dá mi lóhùn, òun ni aago ń rán níṣẹ́! O tún ní ó ń ka bí ọkàn rẹ ṣe ń lù, tọ̀sán tòru. Háà! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún aago yẹn, mo sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ó bá wà nítòsí, kí ó má baà ka tèmi náà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin inú fóònù. O jókòó sórí ẹní, o dijú, obìnrin náà ń fi òyìnbó jẹ́jẹ́ sọ fún ọ pé kí o fa èémí wọlé, kí o mú un dání, kí o tú u sílẹ̀. O ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, àánú obìnrin náà sì ṣe mí. Mo rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa rán àwọn ọmọ Àbújá létí pé kí wọ́n mí. Mo kí i kú iṣẹ́, mo bèèrè ọkọ àti àwọn ọmọ, mo ní kí ó lọ sinmi, pé èmi bàbá Gàníyátù ti dé, èmi yóò máa sọ fún un. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn tún ní kí a fà á wọlé. Mo fà á wọlé.

Kí n má purọ́ fún ọ, Àṣàbí, nínú lọ́hùn-ún mo ń sọ pé ìgbádùn ló ń da ọmọ yìí láàmú. Ẹni tí kì í kọ ebè, tí kì í ru igi, tí ẹ̀rọ ń fọṣọ fún, kí ló ń bà á lẹ́rù? Mo rí i pé o kì í jẹun tán. Mo rí i pé bí fóònù bá ti dún, èjìká rẹ á gòkè dé etí. Mo ní àṣejù ni.

Ọjọ́ Galadimawa ni ojú mi là. A ń lọ wá gíláàsì ojú fún mi, ìwọ ni o ń wakọ̀. A dé róńdábáòtù Galadimawa, ọkọ̀ pọ̀ bí eéṣú, fóònù rẹ dún lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì rí i tí òógùn bò ọ́. O yà sẹ́bàá ọ̀nà. O ní, Bàbá, mi ò lè mí, mo fẹ́ kú. N kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà láé. Mo bọ́ sílẹ̀, mo figbe ta, mo ń ké sí gbogbo ẹni tí ó ní etí. Bàbá Hausa kan tí ń ta ọsàn nínú bárò fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wí pé sànnu, sànnu, bí wọ́n ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́ lédè wọn, ó mú omi wá. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò bi wá ní nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò níbi tí ó ń lọ. Ojú rẹ wà lára ọ̀bẹ rẹ̀. Bí èèpo ọsàn náà ṣe ń gùn sí i ni èémí rẹ ń padà bọ̀. Nígbà tí ó bó o tán, o ti lè sọ̀rọ̀. Ó fi ọsàn náà lé ọ lọ́wọ́, ó sì kọ̀ láti gba kọ́bọ̀. Mo ti rí oníṣègùn láyé mi, n kò rí èyí tí ó fi ọ̀bẹ àti ọsàn kan dá ènìyàn padà rí.

Ìgbà náà ni o jẹ́wọ́ fún mi pé irú rẹ̀ ti ṣe ọ́ rí, pé o máa ń lọ rí dókítà kan, ìtìjú ni kò jẹ́ kí o sọ. Mo ní ká lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé ìwé ìbéèrè fún ọ. Ìbéèrè méje, a kọ òdo, oókan, eéjì àti ẹẹ́ta síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ìdánwò ni. Mo ní kí o má dójú tì mí láàárín àwọn tí ó jókòó, pé nínú ìdílé wa a kì í gba òdo. O rẹ́rìn-ín, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣírò rẹ̀ tí ó ní mọ́kàndínlógún nínú mọ́kànlélógún, inú mi dùn débi pé mo jáde lọ sọ fún mẹ́gádì ẹnu ọ̀nà pé ọmọ mi ló ṣe é, méjì péré ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́gádì bọ̀ mí lọ́wọ́. Dókítà ni ó wá là mí lóye pé nínú ìdánwò yìí, ẹni tí ó bá gba púpọ̀ ni ìyà ń jẹ.  Mo ti ń fi ìrora ọmọ mi yangàn.

Dókítà Kíkẹ́olúwa yẹn, ọmọdé ni lójú mi, kò sì ní abẹ́rẹ́. Mo wo orí tábìlì, mo wo abẹ́ rẹ̀, kò sí ìgò oògùn, kò sí ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà. Àga mẹ́ta àti páálí ìnujú kan péré. Mo ní bóyá olè ti kó wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀! Ó ń gbọ́ bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ tí a bu omi fún. Ó sọ fún mi pé ẹ̀ṣọ́ kan ń bẹ nínú ara gbogbo ènìyàn tí ó máa ń pariwo bí ewu bá ń bọ̀, pé ẹ̀ṣọ́ tìrẹ ti rí ewu gidi kan rí, kò sì sùn mọ́ láti ìgbà náà, ewé bọ́, ó pariwo, eku rìn, ó pariwo. Mo ní ewu wo? Ó wò ọ́. Ìwọ wo ilẹ̀. O ní ìpè òwúrọ̀ ni.

Àṣàbí, ọdún kẹfà rè é tí mo pè ọ́ ní òwúrọ̀ kùtù láti sọ fún ọ pé Afeez ẹ̀gbọ́n rẹ ti bá ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni mo sì ti ń fláàṣì ọ́ ní àràárọ̀ kí n tó lọ sóko, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ó bá ti dún mo ti pa á, kí o lè mọ̀ pé bàbá rẹ ti jí, ó sì ń ṣàdúrà fún ọ. Èmi ń pè é ní ìbùkún. Ìwọ ń jí lójoojúmọ́, o ń rò pé ìyá rẹ ti kú, tàbí èmi. O ní o kò lè sọ pé kí n ṣíwọ́, nítorí pé ọjọ́ tí n kò bá fláàṣì, ẹ̀rù náà á tún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

 Páálí ìnujú yẹn, èmi ni mo lò ó jù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Láti ìsinsìnyí lọ, n kò ní fláàṣì ọ́ mọ́, ìyá rẹ ni yóò máa pè ọ́, ní ọ̀sán Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ sọ ni pé gbogbo wa wà láàyè, kí ó tó kí ọ rárá. Ó ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ènìyàn sọ̀rọ̀ kí ó tó kíni. Mo ní òfin dókítà ni.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí mo dé ilé, mo ń ṣe bí obìnrin inú fóònù ṣe kọ́ wa, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mo fọwọ́ lé ikùn, mo ń fà á wọlé. Ìyá rẹ gbé omi gbígbóná wá, ó rò pé inú ń run mí. Mo ṣàlàyé fún un, òun náà jókòó, ó fà á wọlé. Ó wá ní, Bàbá Afeez, ṣé ẹ̀yin náà kò ní ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn? Mo ní rárá o, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ kì í jókòó sẹ́bàá ọ̀nà mọ́? Kí ló dé tí ọ̀kadà bá ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ilé ni ẹ máa ń gbà lọ, tí ẹ ó di ògiri mú títí yóò fi kọjá?

Mo rò pé kò sí ẹni tí ó rí mi. Ọ̀kadà ni ó gbé ìròyìn Afeez wá bá mi. Ọdún mẹ́fà ni ìyá rẹ ti ń wò mí lẹ́yìn ilé yẹn, ó ní òun kò sọ̀rọ̀ nítorí pé òun kò mọ orúkọ tí òun ì bá pè é. Háà, ọmọ ènìyàn! A lè jọ sùn lórí ẹní kan kí olúkúlùkù máa sá eré tirẹ̀. Mo lọ sọ fún Bàbá Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.  Ó ní láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti mú àbúrò òun lóko, òun kò tíì sùn dé òwúrọ̀ rí.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í ṣe ti páànù ilé. Wọ́n ní irú dókítà bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àtàlátà. Bá wa wá owó ọkọ̀ ènìyàn méjì, èmi àti Bàbá Káyọ̀dé, àlọ àti àbọ̀, àti owó káàdì. Má bínú, ìwọ òṣìṣẹ́ báńkì, má fi í gba ojú ẹ̀rọ tí ń pọ owó ní báńkì. Àwọn ènìyàn yín ní kí n má sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, mo sì gbọ́ràn, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀rọ náà pàápàá, láti ìgbà náà ni kò sì ti fún mi lówó mọ́. Wálé ni kí o fi rán.

Bí dókítà ibẹ̀ bá bi mí pé kí ló ń ṣe mí, n kò ní sọ pé ẹsẹ̀ ni, n kò ní sọ pé ibà ni, gẹ́gẹ́ bí àwa àgbà ti máa ń ṣe. N ó sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, ìwọ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ ọ́ sí.

Ọlọ́run yóò dá oorun rẹ padà fún ọ. Oúnjẹ yóò máa dùn lẹ́nu rẹ. Ibi tí àyà rẹ ti ń já, ibẹ̀ ni ìbàlẹ̀ ọkàn yóò ti pàdé rẹ, kò sì ní jẹ́ àlejò ọjọ́ kan. Ọ̀fọ̀ ọmọ kò ní ṣe wá mọ́. Àmín, àmín, àṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣítù.